Ọjọ́ tí Mo Fẹnu Bí Ìbejì

Títí n ó fi kú, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ náà, mo fi ẹnu ara mi bí ìbejì, mo sì fi ẹnu kan náà sin wọ́n, kí oòrùn tó kan àtàrí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ ní Ìlọra nígbà náà, mò ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìbàdàn ni ọkọ mi ti ń ṣe bíríkìlà. Bàbá kan tó jẹ́ Àgàtú, tó ń gba iṣẹ́ oko ṣe, ló háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé wa, òun àti Ẹnẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje. Ìyá Ẹnẹ ti kú. Ìdí ẹ̀rọ mi lọmọ yìí máa ń jókòó sí, tí á máa fi ìka kọ A, B, D sílẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọ, n ò mọ̀ ju D náà lọ.

Ìjọba ológun ti kéde pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Bàbá Ẹnẹ mú un lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kó mú rìsíìtì owó orí Ìlọra wá, kò ní. Ọ̀gá náà ní àyè ò tíì tó àwọn ọmọ onílùú, ká má tíì sọ ti àlejò.

"Àǹtí, ó tán," ni bàbá náà wí fún mi nígbà tó dé. "Lọ́jọ́ Ajé, à ń lọ Ìmínì. Á máa bá mi ro oko."

Inú bí mi gidigidi. Mo rán yunifọ́ọ̀mù fún Ẹnẹ, mo mú rìsíìtì owó orí ọkọ mi, mo ní n ó sọ pé èmi ni ìyá rẹ̀. Orúkọ wá kù, torí Ẹnẹ kì í ṣe orúkọ Yorùbá. Ìdòwú ni ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀wé jù nígbà èwe wa ń jẹ́, ni mo bá fún un ní Ìdòwú. Kí a tó dé ilé-ìwé, ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n sórí. Ọgbọ́n mi mà pọ̀ o!

Orí yọ mi, ọ̀gá ilé-ìwé ò sí níbẹ̀. Tíṣà obìnrin àgbà kan ló ń kọ orúkọ, àwọn ìyá sì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Orúkọ ọmọ?"

"Ìdòwú, mà."

Ojú rẹ̀ tàn. "Ìyá ìbejì! Ẹ kú orí ire o. Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Kíláàsì wo ni wọ́n wà?"

Yéè! Mo wo Ẹnẹ, Ẹnẹ wò mí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Wọ́n ti kú, mà."

Ariwo ta. Obìnrin kan dì mọ́ mi, òmíràn bú sẹ́kún. "Àwọn méjèèjì! Ọlọ́run, dákun!" Ìtìjú ò jẹ́ kí n gbórí sókè, wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ni, wọ́n tún sunkún sí i. Ibẹ̀ ni Ìyá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó mú ọmọ-ọmọ tirẹ̀ wá, ti gbọ́ ohùn mi.

"Ìyàwó! Ta ló kú? Ìléyá tó kọjá la gbé ọ wọlé. Ìgbà wo lo bí ìbejì? Ìgbà wo lo tún bí Ìdòwú ọlọ́dún méje lé wọn?"

Ẹkún di ẹ̀rín. Ẹni tó dì mọ́ mi tì mí dànù. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi ọmọ náà pé, "Kí lorúkọ ẹ gan-an?"

Ẹnẹ kúnlẹ̀. "Ìdòwú ni, mà." Tíṣà tún bi í. "Ìdòwú ni, mà." Omijé ń bọ́ sára yunifọ́ọ̀mù tuntun, kò yé e pé irọ́ ti tú. Tíṣà fa ìlà lórí orúkọ náà, ó pe ẹni tó kàn.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé mi ò sọ ọ́ dáadáa ni?" Mo ní ó sọ ọ́ dáadáa.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá rẹ̀ gbé ẹrù lé e lórí, wọ́n lọ Ìmínì. Wọn ò padà wá gbé ilé wa mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ràfíù wá jíṣẹ́ tíṣà fún mi: "Ó ní àyè alágbàtọ́ wà nínú ìwé tí òun ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sí. Ó ní ká ní o sọ òótọ́, pé ọ̀dọ̀ rẹ lọmọ ń gbé, rìsíìtì ọkọ rẹ tí o mú dání ti tó. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an lòun ì bá kọ."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn béèrè kó tó purọ́. Títí dòní, bí àwọn ará ilé ọkọ mi bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mi. Ọmọbìnrin kan ń bẹ níbì kan tó rò pé torí òun ò mọ orúkọ pè ni wọn ò ṣe gba òun sílé-ìwé.