Ìbọn Ẹlẹ́nu Gbàgàdà Tí Mo Ní Kí Wọ́n Rọ fún Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi wọ kòtò. Ọjọ́ Sátidé ni, ní oko wa lẹ́yìn Erunmu, oòrùn ò tíì mú. Ìbọn ẹyọ kan péré ni mo yìn lọ́jọ́ náà. Èèyàn méjì bá a dé ọsibítù, ẹran tí mo yìn ín sí sì gba ilé rẹ̀ lọ ní àlàáfíà.

Tísà ni mí. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo kúrú, mo sì tín-ín-rín, débi pé bí mo bá ra ẹ̀wù, ìyàwó mi ní láti gé apá rẹ̀ kí n tó lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn èèyàn lọ́nà oko, àwọn ọdẹ ìlú wa kó ara wọn jọ láti máa ṣọ́ ọ̀nà. Èmi náà wọ ẹgbẹ́, torí ọ̀nà yẹn ni mo ń gbà lọ sí oko pákí mi. Kí ni wọ́n fún mi? Rẹ́jísítà. Wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ ẹni tó jáde àti ẹni tí kò jáde. Olúọdẹ wa, baba kan tó rí gìrìwò, ní, "Tísà, bíró ni ìbọn tìẹ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí wọ egungun.

Bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ ìbọn tán ni mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnwálé lọ, alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìbọn fún àwọn ọdẹ àgbègbè wa. Òun ló rọ ọkọ́ tí bàbá mi lò títí tó fi kú.

"Irú èwo lo fẹ́?" ni Bàbá bi mí.

"Èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ju ti Olúọdẹ lọ ni, Bàbá."

Wọ́n gbé òòlù sílẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi pa? Kò sí erin ní Ẹgbẹ́dá mọ́."

"Túúkú ń jẹ pákí mi."

"Ìbọn kékeré ń pa túúkú."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rọ ọ́ bí mo ṣe fẹ́ ẹ."

Wọ́n wọn apá mi. Wọ́n tún fọwọ́ tẹ èjìká mi bí ẹni tó fẹ́ ra adìyẹ, wọ́n wá mi orí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Lónìí, mo fẹ́ kí ìdí rẹ̀ jẹ́ igi apá. Lọ́la, mo fẹ́ kí wọ́n fi òrùka idẹ yí i lọ́rùn. Nígbà tó parí, tí mo nà án ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi, ẹnu rẹ̀ dé imú mi. Ẹnu náà fẹ̀ débi pé àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀, ó ṣì ku àyè.

Bàbá fúnra wọn ló ki ẹ̀tù sí i nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n fi òṣùwọ̀n kékeré kan bù ú, tí kò ju ìdérí ìgò lọ. Wọ́n gbé páànù ògbólógbòó kan ti òkìtì ọ̀gán, mo yìnbọn sí i. Ìbọn náà tì mí sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ bá ń báni ṣeré. Páànù ya.

"Ibi tó mọ nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ìbọn ẹlẹ́nu ńlá, ẹ̀tù ìwọ̀nba. Ọta inú ẹ̀ ti wúwo, kò dìgbà tí o bá ń lé e ní eré. Bí o bá ki ẹ̀tù kún un, kì í ṣe ẹran ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ìwọ ni."

"Àmọ́ Bàbá, ìró ẹ̀ ò tó."

"Ṣé ìró lo fẹ́ fi jẹ iyán ni?"

Mo dúpẹ́, mo gbé ìbọn mi lọ sílé. Èmi oníṣirò, mo ti ṣe é lọ́kàn mi pé bí ìwọ̀n ẹ̀tù kan bá ya páànù, ìwọ̀n mẹ́ta á ya nǹkan mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ìṣirò tó.

Nígbà tí mo gbé e dé ìpàdé, gbogbo wọn wá yí i ká. Olúọdẹ gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, ó dá a padà fún mi. "Ó dáa. Ta ló máa máa bá ẹ gbé e?" Ni ẹ̀rín bá tún sọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Múfù, ọ̀rẹ́ mi, tí oko àgbàdo rẹ̀ bá tèmi pààlà. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ohun tí Bàbá bá ní kó o kì sí i ni kó o kì sí i." Mo ní mo ti gbọ́.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, a bá ipasẹ̀ túúkú nínú pákí mi. Àwa márùn-ún la jáde. Olúọdẹ fi mí sídìí kùkùté ọ̀pẹ kan, ó fi Múfù sápá ọ̀tún mi níbi tí omi ń gbà kọjá, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yìnbọn sí ọ̀tún. Ohun tí òun náà ò mọ̀ ni ohun tó wà nínú ìbọn mi. Kí n tó kúrò nílé, mo ti bu òṣùwọ̀n Bàbá lẹ́ẹ̀kan. Mo tún bù ú lẹ́ẹ̀kejì nítorí túúkú. Ẹ̀kẹta, mo bù ú nítorí Olúọdẹ.

Túúkú náà jáde síwájú mi gan-an. Ó dúró, ó ń wò mí bí aṣojú ìjọba tó wá bẹ ilé-ìwé wò. Mo gbé ìbọn sí èjìká, mo fà á.

Mi ò gbọ́ ìró kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ìlẹ̀kùn ilé kan gbá mi láyà. Ìgbà tí mo tún mọ ohun tó ń lọ, ojú ọ̀run ni mò ń wò, èéfín bò mí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lókè. Mo gbà pé mo ti kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run kó gba ọkàn mi, mo sì ń dárúkọ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìjàlọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lọ́rùn. Mo wá rò ó pé kò yẹ kí ìjàlọ wà lọ́run, àyàfi bí kì í bá ṣe ọ̀run rere.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìkérora, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Múfù ni.

Bí ìbọn náà ṣe ta mí nù, ẹnu rẹ̀ ti yí sí ọ̀tún. Ọta méjì wọ Múfù nítan. Mo rákò débẹ̀ pẹ̀lú apá kan, torí èkejì ò gbéra mọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó di itan mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

"Ṣé ìwọ lo yìnbọn mọ́ mi?"

"Èmi ni."

"Ṣé o rí ẹran náà pa?"

"Rárá."

Ó pa ojú dé.

Olúọdẹ fi ọ̀já ìgbànú rẹ̀ di itan náà, wọ́n gbé wa sórí ọ̀kadà méjì. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà, eegun èjìká mi ló ń kà wọ́n. Àmọ́ kì í ṣe èyí ló ń dùn mí. Ká tó dé Olódò, mo rí orí Múfù tó dojú dé èjìká ẹni tó ń wa ọ̀kadà iwájú, mo sì ń ronú ojú tí màá fi wo ìyá rẹ̀.

Nígbà tí a dé ọsibítù, ìròyìn ti ṣíwájú wa débẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn pé ajínigbé la bá jà. Obìnrin kan gbé omi fún mi. Bàbá kan bọ́ fìlà, ó ní Ọlọ́run á san án fún wa. Pásítọ̀ kan tí mi ò mọ̀ rí gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń dúpẹ́ pé irú àwa ṣì wà nílẹ̀ yìí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Ní tòótọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí mo jẹ́ akọni láyé mi, mo sì jókòó síbẹ̀, mo ń jẹ́ ẹ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wà nínú yàrá pẹ̀lú ọta tèmi lára.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ìyá Múfù fi dé. Ìyá arúgbó ni. Wọ́n ti sọ fún un pé èmi ni mo yọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ajínigbé. Ó wá kúnlẹ̀ fún mi níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn.

"Màmá, ẹ dìde," ni mo wí. "Kò sí ajínigbé kankan. Èmi ni mo yìnbọn mọ́ ọn."

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí mi. Obìnrin olómi wá mú ife rẹ̀. Ìyá náà ò ṣépè, kò sunkún. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Ṣé ó máa yè?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

A jọ jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọlọ́pàá fi wá pè mí pé kí n wá sọ tẹnu mi. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó ka ohun tó kọ sílẹ̀ fún mi, ó wá bi mí pé, "Ọ̀gá, àwa ò tíì mọ bá a ṣe máa kọ ọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ yin ìbọn ni, àbí ìbọn ló yìn yín?" Wọ́n gba ìbọn náà, wọ́n gba ìwé àṣẹ. Mi ò bi wọ́n léèrè rẹ̀ rí.

Múfù yè. Dókítà yọ ọta kan, ó ní kí èkejì máa gbé ibi tó wà. Ẹsẹ̀ náà ò tún gún mọ́. Nígbà tí àgbàdo rẹ̀ gbó, èmi àti ìyàwó mi la ń lọ ya á, èmi pẹ̀lú apá kan tí wọ́n fi aṣọ kọ́ mi lọ́rùn. Mo lọ bẹ Bàbá Ògúnwálé pẹ̀lú. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní, "Kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀," wọ́n sì ń fẹ́ iná wọn lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ṣòroó sọ, kíkọ́ rẹ̀ ló wọ́n. Ohun tó bá tó, ó tó. Ẹni tó bá ń wá èyí tó pọ̀ jù kí wọ́n lè bọ̀wọ̀ fún un, ẹni tó dúró tì í ló sábà máa ń san án.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Múfù kọ́kọ́ rìn dé ilé mi pẹ̀lú ọ̀pá. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀ jókòó sí òdì kejì. Múfù wá sọ gbólóhùn kan jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi ló jókòó sí, etí ọ̀tún mi ò sì gbọ́ nǹkan kan láti ọjọ́ tí mo yìnbọn yẹn. Mo rò pé ọkọ́ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi ló ń béèrè.

"Ó wà lẹ́yìnkùlé," ni mo fèsì. "Mo ti fọ̀ ọ́, màá gbé e wá lọ́la."

Múfù wò mí. Ẹ̀rín mú un, ó rín in títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tí wọ́n ń lọ: Múfù ní òun ti dárí jì mí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo wọ yàrá, mo ti ìlẹ̀kùn, mo sunkún bí ọmọdé.