Bàbá Ẹyinjú Kan Ara Rẹ̀ Mọ́ Inú Bẹ́ẹ̀dì

Ìyàwó káfíńtà tí a jọ múlé tira sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ Sátidé, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà wá o! Bàbá Ẹyinjú ti kan ara wọn mọ́ bẹ́ẹ̀dì!"

Fíríìjì kan ni mò ń tú lọ́wọ́. Mo gbórí sókè.

"Mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ni, àbí mọ́ inú bẹ́ẹ̀dì?"

"Inú, Ẹ̀gbọ́n. Inú!"

"Pẹ̀lú ìṣó?"

"Pẹ̀lú ìṣó oníńṣì mẹ́ta."

Mo pa iná, mo fọwọ́, mo wọ bàtà. Wọn ò kọ́ wa ní irú iṣẹ́ yìí ní pólì, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í gbọ́ irú ẹ̀ kó tún jókòó ti fíríìjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Ẹyinjú jẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ bí ni, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i bí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó ní orúkọ gidi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀ mọ́, títí kan àwọn tó sọ ọ́. Ohun tí Ẹyinjú bá ti ní òun fẹ́, ó ti rí i nìyẹn. Ó ní òun fẹ́ agboòrùn, wọ́n ra mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ra ẹlẹ́sẹ̀ méjì, wọ́n wá ń wádìí kiri bóyá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà. Lọ́jọ́ kan, ó ní òjò ń pariwo jù. Ojú mi yìí ni Bàbá Ẹyinjú ṣe jáde síta nínú òjò, tó gbójú sókè, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Òjò náà dá.

Ìyẹn gan-an ló wá ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Mo ti bá a sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi bó mi. Mo ní, "Bàbá Ẹyinjú, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló máa wá tà? Ilé háyà là ń gbé."



"Yàtọ̀ síyẹn," ló wí, "ọmọ tó bá ti yó nílé kì í ṣojú kòkòrò níta."

Òótọ́ ni. Ẹyinjú kì í ṣojú kòkòrò níta. Ta ló fẹ́ rí kòkòrò níta nígbà tí gbogbo pákó oníbàárà wà nílé? Ọkùnrin kan wá gba tábìlì ìjẹun tó ti san owó ẹ̀. Ó bá a nínú yàrá, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, àwọn ọmọláńgidi Ẹyinjú jókòó yí i ká. Ọkùnrin náà wo àwọn ọmọláńgidi. Àwọn ọmọláńgidi náà wò ó. Ó yípadà, ó gba ọ̀dọ̀ káfíńtà kejì tó wà ní ìkángun àdúgbò lọ. Àwọn oníbàárà yòókù ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ẹyinjú fi dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò.

Ìrètí kan ṣoṣo ló kù: ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lójú títì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kíláàsì tuntun, wọ́n ń wá ẹni tó máa kan àga àti tábìlì gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá-àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ni obìnrin kan tí àwọn ọmọ ń pè ní Má-Rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wẹ̀yìn wò kí wọ́n tó pè é. Ìpàdé òbí kì í parí kó má tíì sọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀ ń fún wọn ní àfúnjù." Òun ló wá sọ fún Bàbá Ẹyinjú pé: "Màá yà gbé yín lọ́sàn-án Sátidé, kẹ́ ẹ wá wọn kíláàsì. Tẹ́ ẹ ò bá tíì múra, mi ò ní pa iná ọkọ̀. Ìkángun àdúgbò ò jìnnà."

Sátidé yìí kan náà ni.

Mo wọ yàrá. Mo rí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ilé ni. Ó ní ògiri pákó yí ká, ó ní òrùlé, ó dé ibi tí àjà yàrá dé. Kò ní ilẹ̀kùn. Ẹyinjú ló ní òun ò fẹ́ ilẹ̀kùn, torí olè máa ń gba ẹnu ọ̀nà. Fèrèsé rogodo kan ló wà lára ẹ̀, kò tóbi ju àwo oúnjẹ lọ, ibẹ̀ ni onílé á máa rá gbà wọlé. Olè tó bá lè gba ibẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà lòun náà.

Orí Bàbá Ẹyinjú ló yọ lójú fèrèsé yẹn.

"O kú iṣẹ́ o," mo ní.

"Ẹ ṣé o, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo parí bẹ́ẹ̀dì."

Mo fọwọ́ pa ògiri ẹ̀. "Ó dán mọ́rán. Mi ò tiẹ̀ rí orí ìṣó kankan."

Ojú rẹ̀ tàn. "Inú ni mo ti kàn án."

"Ó hàn."

Ṣé ẹ rí i, ìgbéraga Bàbá Ẹyinjú nìyẹn nídìí iṣẹ́. Ó ní orí ìṣó tó bá yọ síta, ìtìjú káfíńtà ni. Nítorí náà ló ṣe gbé pákó tó kẹ́yìn, ó wọnú ilé náà, ó dúró lórí fóòmù, ó fa pákó náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀. Gbà! Gbà! Gbà! Pákó wọlé wẹ́kú. Afẹ́fẹ́ gan-an ò ráyè kọjá. Ó nu òógùn ojú, ó wo ọ̀tún: pákó. Ó wo òsì: pákó. Ó wòkè: òrùlé. Ó gbìyànjú ojú fèrèsé. Orí jáde. Etí jáde, wọ́n ráhùn díẹ̀. Èjìká ní òun ò lọ síbì kankan.

"Hámà dà?" mo bi í.

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Lọ́wọ́ ẹ? O ò wá fi lu pákó kan jáde?"

Ó fi ojú tọ́ka sí ẹ̀yìn mi.

"Ẹ bi onílé."

Mo yípadà. Ẹyinjú jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ká apá mọ́ àyà.

"Ẹyinjú, ọmọ dáadáa," mo ní. "Jẹ́ kí Dádì yọ pákó kan. Kan péré."

"Mi ò fẹ́."

"Wọ́n á tún un kàn padà."

"Mi ò fẹ́. Ilé mi ni."

Bàbá rẹ̀ rọra gbé hámà sókè nínú lọ́hùn-ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Ó kan pákó lẹ́ẹ̀kan. Kó.

"ILÉ MIIIII! HẸ̀Ẹ̀Ẹ̀Ẹ̀Ẹ̀Ẹ̀!"

Fèrèsé yàrá ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ajá òpópónà kejì dáhùn. Ẹnìkan tó ń lọ níta rò pé iná ń jó, ó sáré gbé omi wá.

"Bàbá Ẹyinjú!" ni ìyàwó ké. "Ẹ fẹ́ pa ọmọ lẹ́kún ni?"

Hámà bọ́ sílẹ̀. Gbì.

"Má bínú, ọmọ mi," ni orí tó wà lójú fèrèsé wí. "Dádì ò ṣe é mọ́."

Ọ̀sán ń bọ̀ wá kàn. Ìyàwó wo aago, ó wo ọmọ, ó mú súìtì wá. Ẹyinjú gba súìtì, kò gbà kí wọ́n yọ pákó. Ó mú bisikíìtì wá. Ẹyinjú gba bisikíìtì. Ó ní òun fẹ́ kí n jó. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí, láìsí orin, mo jó. Ẹyinjú wò mí títí mo fi parí, ó wá ní kì í ṣe irú ijó yẹn lòun ní lọ́kàn.

Ó ronú díẹ̀.

"Mo fẹ́ kí Dádì jẹ́ àkùkọ."

"Tí Dádì bá jẹ́ àkùkọ," ni bàbá wí, "ṣé wàá jẹ́ kí n yọ pákó?"

"Màá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná."

Bàbá Ẹyinjú wò mí. Mo wo òrùlé. Ó tún ọ̀fun ṣe.

"Kékéréké."

"Kò jọ ọ́," ni Ẹyinjú wí. "Ẹ na ọrùn."

Ó na ọrùn.

"Kékérékééé!"

"Ẹ tún mi orí."

Ó mi orí. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ó jọ ọ́ gan-an. Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n mo fajú ro bí ẹni tó wá kí olókùnrùn.

Pọ́ọ̀ pọ́ọ̀!

Ọkọ̀ dúró níta. Ìyàwó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. A ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti inú yàrá: "Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ń bọ̀, mà. Wọ́n ń... wọ́n ń wọṣọ ni, mà."

Ohùn kejì ní, "Adìẹ wo lẹ̀ ń sìn nínú yàrá?"

Bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Kò, kò, kò. Bàbá Ẹyinjú fẹ́ fa orí wọlé, etí há. Ẹyinjú pàtẹ́wọ́: "Lẹ́ẹ̀kan sí i, Dádì! Ẹ na ọrùn!" Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wo ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni Má-Rẹ́rìn-ín yọ sí wa.

"Kékérékééééé!"

Wọ́n wojú ara wọn.

"Ẹ káàsán, mà," ni àkùkọ wí.

"Ṣé ẹ̀yin ni káfíńtà?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹni tí mo fẹ́ fa gbogbo kíláàsì lé lọ́wọ́?"

"Ẹ wo iṣẹ́ náà, mà. Ẹ ò ní rí orí ìṣó kankan."

Má-Rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó fi ìka tọ ojú pákó láti òkè dé ilẹ̀. Ó yí i ká.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ó yá, ẹ jáde ká lọ."

Kò sẹ́ni tó mira. Mo wá sún mọ́ ọn, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Onílé ò tíì fọwọ́ sí i."

Má-Rẹ́rìn-ín yíjú sí Ẹyinjú. Ẹyinjú wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí, ó wá tọ́ka.

"Mo fẹ́ jígí ojú yẹn."

Ìyá rẹ̀ ti na ọwọ́ kó tó rántí pé ojú ẹlòmíì ni jígí náà wà.

"Rárá," ni Má-Rẹ́rìn-ín wí.

Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn ilé tó ń kán sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé, kò kán mọ́.

Ẹyinjú yíjú sójú fèrèsé.

"Dádì, kí ni wọ́n ń pè ní rárá?"

Bàbá rẹ̀ ronú. "Ọmọ mi, mo rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń lò ó."

"Bàbá rẹ máa yọ pákó, ó máa jáde," ni Má-Rẹ́rìn-ín wí. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ sẹ́yìn kó má bàa ṣubú lù ọ́."

Ẹyinjú gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Gbì! Gbì! Gbàràmgbaà!

Pákó wó, káfíńtà tẹ̀ lé pákó, òrùlé rò ó títí, òun náà tẹ̀ lé káfíńtà. Orí tábìlì tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ni gbogbo wọn gúnlẹ̀ sí, láàárín àwọn ọmọláńgidi. Ẹ̀rín ń pa mí! Mo kọjú sí ògiri, mo ṣe bí ẹni tó ń wo wáyà iná. Wáyà kankan ò sí níbẹ̀.

Ẹyinjú ò sunkún. Ó yẹ ihò náà wò.

"Ilé mi ti ní ilẹ̀kùn," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Má-Rẹ́rìn-ín wá dá gbogbo wa dúró, ó bá wa wí. Ó ní ọmọ tí kò gbọ́ "rárá" nílé, ẹni ẹlẹ́ni ló máa sọ ọ́ fún un níta, kò sì ní dùn. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe àwọn òbí ìwòyí. Ìyàwó ń mi orí. Bàbá Ẹyinjú ń mi orí, ó di èjìká mú. Èmi náà ń mi orí, bẹ́ẹ̀ mi ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láyé mi.

A wọ ọkọ̀. Mo bá wọn lọ nítorí fíríìjì ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tutù mọ́, ó sì tún ń wù mí kí n rí ìparí ọ̀rọ̀. Bá a ṣe dé ìkángun àdúgbò, káfíńtà kejì ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbé téèpù kọ́rùn, ó wọ ẹ̀wù mímọ́. Ọkọ̀ ò yà. Bàbá Ẹyinjú mí kanlẹ̀.

A dé iwájú ilé-ẹ̀kọ́. Má-Rẹ́rìn-ín pa iná ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ó wo dígí iwájú bóyá èmi tí mo wà lẹ́yìn ń wò ó. Mo sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo tiẹ̀ hanrun díẹ̀.

"Bàbá Ẹyinjú."

"Mà."

"Bẹ́ẹ̀dì yẹn."

"Ẹ má bínú, mà. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Ẹ bá mi kan ọ̀kan."

Mo gbàgbé láti hanrun.

"Ọmọ ọmọ mi ni," ló wí, ohùn ẹ̀ ti di ti ẹni tó wà nínú ilé ìjọsìn. "Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Tó bá fi lè gbọ́ pé irú ẹ̀ wà ládùúgbò..."

"Ó yé mi, mà. Ṣé kí n fi ilẹ̀kùn sí i?"

"Kò ní fẹ́ ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ ọ́n." Ó tún jígí ojú ẹ̀ ṣe. "Àmọ́ fèrèsé yẹn, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ sí i. Orí tèmi tóbi ju tiyín lọ."

Bàbá Ẹyinjú ò sọ̀rọ̀. Ó fa téèpù yọ lápò, ó wọn orí ọ̀gá-àgbà láti etí dé etí. Ìyẹn ò mira.

Nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, Má-Rẹ́rìn-ín wẹ̀yìn wò mí, ó rí i pé mo ṣì ń sùn, ó wá fẹnu sún mọ́ etí káfíńtà.

"Kékéréké yẹn," ló wí, "tẹ́ ẹ bá ti na ọrùn, ṣé ẹ̀ ń mi orí kẹ́ ẹ tó kọ ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?"