Orí Kámẹ́rà tí Èmi Fúnra Mi Yàn

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé nọ́ńbà ilé mi ní Sùúrùlérè, n kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ tí mo lọ ra orí kámẹ́rà ní Yábàá. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún tí oníṣòwò aṣọ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ bí sí Múṣín. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ẹ ó rí i pé n kì í ṣe ẹni tí à ń kọ́ ní ọjà rírà.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá. Kò sì sí àwòrán kan ṣoṣo tí àwa márààrún jọ wà nínú rẹ̀ rí. Mo ní kí wọ́n má pe ayàwòrán kankan. Èmi tí mo ti ń fi kámẹ́rà ṣe fàájì láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni n ó ya á. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń gbé kámẹ́rà lé wà nílẹ̀. Orí rẹ̀ ni ó ti kán, ìyẹn irin oníbọ́ọ̀lù tí kámẹ́rà ń jókòó lé, tí ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí egungun itan nínú ihò rẹ̀.

Ọlọ́jà náà, ọkùnrin tí yóò tó ẹni ogójì ọdún, to orí mẹ́ta síwájú mi, ó sì béèrè bí kámẹ́rà mi ti wúwo tó. Mo ní n kò bá ti òṣùwọ̀n wá. Mo yí èyí tí ó tóbi jù, ó le. Mo yí èyí tí ó kéré jù, ó yọ̀ bí òróró. Mo kéde pé ojúlówó nìyẹn, pé èyí tí ó le ti dípẹtà nínú.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, tí lẹ́ńsì yín bá wúwo..."

"Ṣé ìwọ ni o ó kọ́ mi ni?"

Ó wo ewú orí mi. "Rárá o, Mà. Ohun tí ẹ bá sọ náà ni."

Mo sanwó èyí tí ó kéré náà, mo sì gbà pé mo ti fi ìmọ̀ borí rẹ̀. N kò rántí pé bí ọmọlúàbí bá ti sọ gbólóhùn yẹn fún àgbà, ó ti yọ̀ǹda àgbà náà fún àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mọ́tò tí yóò gbé ẹ̀gbọ́n wa ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo to gbogbo wọn sórí àga. Mo gbé lẹ́ńsì mi tí ó gùn jù sí kámẹ́rà. Ó tẹrí ba. Mo fún ìdè orí náà, ó tún tẹrí ba. Mo fi pílíásì fún un, ó sì dúró, mo bá wú fùkẹ̀. Mo ṣètò rẹ̀ kí ó ya àwòrán fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mira tàbí fọhùn, mo sì sáré lọ jókòó, bí ẹni ọdún mi ti lè sáré mọ. Mo ti bọ́ awò ojú mi nítorí ẹwà. Nítorí náà, n kò rí ohun tí àwọn yòókù ń rí: kámẹ́rà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ kíláàsì tí oorun ọ̀sán ń kùn.

A gbọ́ tí ó dún. Mo gbé e han ẹ̀gbọ́n wa. Ó wò ó pẹ́.

"Àbúrò, orí wa dà?"

Ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀, kò sí ojú kankan. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ̀rọ̀.

"Ta ni yóò sọ̀rọ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan wí. "Tísà ní kí a dákẹ́."

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Awakọ̀ ń fọn fèrè. Mo sáré gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, mo ya àwọn mẹ́rin dáadáa. Èmi ni n kò sí níbẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n wa àgbà tó wọ inú mọ́tò, ó ní kí n tẹ àwòrán ẹsẹ̀ náà jáde fún òun. "Wò ó dáadáa," ni ó wí, "ẹsẹ̀ ìyá wa ni gbogbo wa gbé wọ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé kámẹ́rà mi padà sí Yábàá. Kí ọlọ́jà tó la ẹnu, mo ti gbé e lé e lọ́wọ́ kí ó fi mọ bí ó ti wúwo tó. Orí tí ó le yẹn ni ó mú. Ó gbé kámẹ́rà lé e, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a jọ dúró wò ó, kò mì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ gbé kámẹ́rà yín dání lọ, bí ọlọ́jà bá sì ti ní, "Ohun tí ẹ bá sọ náà ni," ẹ tètè bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ ohun tí òun fẹ́ sọ.

Àwòrán ẹsẹ̀ náà wà lára ògiri pálọ̀ mi báyìí. Àlejò tí ó bá béèrè èwo ni èmi nínú wọn, sálúbàtà mi aláwọ̀ búlúù ni mo máa ń nàka sí, n ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.