Ezekiel àti Àpótí Tí Kò Nílò Káfíńtà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìwà Ezekiel fún yín, kí ẹ má baà rò pé mo ń parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi ni. Iléèwé kan náà la ti ń ṣiṣẹ́ ní Fìdítì; èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, òun ló ń tọ́jú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì. Kì í jalè, kì í mutí, kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Ẹnu nìkan ni! Ohun tí Ezekiel kò mọ̀ kò tíì dáyé. Bí o bá ní eyín ń dùn ọ́, yóò ní òun ti tún eyín ṣe rí. Bí òjò bá ṣú tí kò rọ̀, yóò ní òun ló ní kó ṣe sùúrù.

Ká sọ tòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ wáyà. Gílóòbù méjì, fáànù kékeré tó tú lára kọ̀ǹpútà tó ti kú, àti wáyà rẹpẹtẹ ló fi ṣe ẹ̀rọ asàba, ẹ̀rọ tí yóò máa bá adìẹ sàba lórí ẹyin títí yóò fi di ọmọ. Bí ooru bá pọ̀, gílóòbù á kú. Bó bá dín, á tún tàn. Mo fojú ara mi rí i, ó ń ṣiṣẹ́. Àpótí tí yóò wà nínú rẹ̀ ló kù.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Olúwafúnmilọ́lá, ọmọ Ìlọ́rá, ni Ezekiel ń fẹ́. Bàbá Fúnmi sì nìyí, ògbólógbòó káfíńtà. Fúnmi pàápàá, ìdí ayùn ló dàgbà sí, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ elépo, ṣé ó yẹ kó máa bú epo?

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú mi dání lọ kí wọn, ó ròyìn ẹ̀rọ náà títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Inú bàbá dùn.

"Ẹ̀rọ yìí dára. Ta ni yóò wá kan àpótí rẹ̀? Fúnmi lè bá ọ wọ̀n ọ́n."

Ezekiel rẹ́rìn-ín. "Àpótí kẹ̀? Ẹ má ṣe ìyọnu, sà. Pákó, ìṣó, òòlù, ó parí! Ẹni tó ń to wáyà, ṣé pákó ni yóò wá dá a lágara? Àwọn àgbà ṣáà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní wáyà bí àgbà."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Tíṣà," ló wí sókè, "kí lo ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ sí?"

Bàbá kò bínú. Ó kàn yọ pẹ́ńsù tó há sétí, ó wò ó, ó tún dá a padà. "Ó dáa. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbé e wá. Ìyá Fúnmi ní ọgbọ̀n ẹyin nílẹ̀. Bí àpótí rẹ bá ti gba ẹyin, a ó jókòó sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Bí kò bá wá gbà á..."

Kò parí rẹ̀. Fúnmi ń wolẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Ezekiel lọ ra pásípẹ́ẹ̀sì ní Ọ̀yọ́, ike tó máa ń mọ́ gaara bíi gíláàsì, kí àwọn èèyàn lè máa wo ọmọ adìẹ láti iwájú àpótí. Nígbà tó tú u nílé, ike náà funfun bí omi ọ̀gì. Ó fi aṣọ nù ún, kò mọ́. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò mọ́. Ó wá mú sáńpépà, ó ń ha igun rẹ̀ kan bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ó burú sí i! Ó bá fò sẹ́yìn mi lórí ọ̀kadà, ó di Ọ̀yọ́.

"Ìyá Haneefah!" Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ló ti ń pariwo mọ́ obìnrin tó tà á fún un. "Ẹ rẹ́ mi jẹ! Èmi Injiníà! Mo ní kí ẹ fún mi ní èyí tó mọ́, ẹ fún mi ní ọ̀gì!"

Oníbàárà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ yíjú sí wa. Ìyá Haneefah gba ike náà, ó fi èékánná gún etí rẹ̀, ó sì bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kúrò lára rẹ̀, fàràrà! Ike mọ́ lóló bí omi odò, àfi igun tí sáńpépà ti kan.

"Ọmọ mi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "bí o bá ra súwíìtì, ṣé tòun ti bébà lo máa ń jẹ ẹ́?"

"Mo kàn ń dán yín wò ni, mà."

"O ṣeun, Injiníà. Máa dán ara rẹ wò lọ sílé."

Ó wá kan ọ̀rọ̀ pákó. Abọ́ tí wọ́n ń to ẹyin sí fẹ̀ tó ínǹṣì méjìlá, ni ọ̀gbẹ́ni bá kan àpótí ínǹṣì méjìlá láti ìta dé ìta. Kò rántí pé pákó náà nípọn. Abọ́ kọ̀, kò wọlé. Mo ní ká lọ bi Fúnmi.

"Injiníà kì í wà nílé kí pákó wọ́!" Ó fa ayùn yọ. Ó gé pákó mìíràn, ó kúrú. Ó tún un gé, ẹ gbà mí, ó tún kúrú! Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó bọ́ sí i. Nígbà tó wá fẹ́ kan ìṣó mọ́ pásípẹ́ẹ̀sì, ike náà ké pàá, ó sán díẹ̀ létí. Ni Ezekiel bá pa ìṣó tì, ó lọ ra súpà gúlù, gúlù kékeré yẹn tí kì í fúnni láyè ronú.

Nígbà tí mo gbé ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Sátidé, ó ti to ẹ̀rọ sínú àpótí tán, ó ti lẹ ike mọ́ iwájú rẹ̀ yípo, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí.

"Ooru kan ò ní ríbi jáde!" ló wí.

"Ó dára. Gbé e ká lọ."

Kò mira.

"Tíṣà."

"Hẹ̀n?"

"Ó ti lẹ̀."

"Ohun tá a ń wá náà nìyẹn."

"Èmi náà ti lẹ̀."

Mo fà á, ó ké. Mo da omi sí i, kò gbọ́. Àkókò ti ń lọ, a kò sì gbọdọ̀ pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àna. Báyìí ni Ezekiel ṣe gun ọ̀kadà lẹ́yìn mi tòun ti àpótí lọ́wọ́. A dúró ra epo ní Jóbẹ̀lẹ̀. Ọkùnrin tó ń rọ epo fún wa wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e ni àbí òun ló gbé yín?"

Nígbà tá a dé Ìlọ́rá, ará ilé àti aládùúgbò ti pé síwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá. Ezekiel sì gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀! Ó sọ ara rẹ̀ sílẹ̀, àpótí ló kọ́kọ́ balẹ̀, òun tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè bíi ti ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́.

"Ó tó, ọmọ mi, dìde."

Kò dìde.

"Mo ní ó tó!"

"Sà, ẹ jẹ́ kí àpótí kọ́kọ́ dìde."

Fúnmi sún mọ́ ọn, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Gúlù ni, àbí?"

"Ìlànà tuntun ni," ni Ezekiel dáhùn. Ọwọ́ ló lẹ̀, ẹnu ò lẹ̀.

Fúnmi wọlé, ó mú omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ jáde. "Èyí yóò tú ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n yóò ba pásípẹ́ẹ̀sì jẹ́. Èwo lo fẹ́, ọwọ́ àbí ike?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ezekiel rò ó! Ó wo ọwọ́, ó wo ike, ó tún wo ọwọ́.

"Ọwọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré dáhùn rí.

Ọwọ́ tú, awọ díẹ̀ ló ṣẹ́kù sára ike. Ojú àpótí wá rí bàìbàì bí ojú arúgbó ajá. Síbẹ̀ Ezekiel na àyà. "Kò ṣe nǹkan kan. Ṣebí ẹyin ni yóò gbé inú rẹ̀, ẹyin ò wòta. Ẹ kó ẹyin wá, mà!"

Ìyá Fúnmi gbé igbá ẹyin dé. Ó dúró níwájú àpótí. Ó lọ sápá ọ̀tún, ó lọ sápá òsì, ó lọ sẹ́yìn, ó sì tún padà síwájú.

"Ezekiel ọmọ mi, ibo ni n ó kó wọn gbà?"

Ezekiel wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó dojú àpótí délẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀. Gbogbo ibi tí kò fi gúlù lẹ̀, ó ti kan ìṣó pa. Kò sí ilẹ̀kùn.

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka gbá àpótí náà, kó, kó. "Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń kan nǹkan. Pósí pàápàá, a máa ń dúró kí òkú wọlé ká tó kàn án pa."

Mo fẹ́ mú ẹ̀rín mọ́ra, n kò lè mú un. Òógùn bo Ezekiel. Ó wo Fúnmi, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

"N kò mọ̀ ọ́n kàn, sà," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹ̀fọn.

"Ẹyin yìí wá ńkọ́?" Ìyá Fúnmi bèèrè.

"Dín in," ni bàbá wí. "Àwọn àlejò ò tíì jẹun."

Fúnmi ló gbé ẹyin dídín náà wá, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó jókòó tì í.

"Bàbá mi ní inú àwọn dùn sí n-kò-mọ̀ tí o sọ yẹn. Wọ́n ní ọjọ́ tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ilẹ̀kùn kan tó ṣe é ṣí, tó sì ṣe é tì, kí o kó àwọn ẹbí rẹ wá."

Ojú Ezekiel là. Ó gbé ẹyin mì. "Ilẹ̀kùn kan péré? Kí ló wà nínú ilẹ̀kùn!"

Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, mo sì wà níbẹ̀. Ọdún kan àti oṣù méje lẹ́yìn ọjọ́ náà ni. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá owó orí ló dá wọn dúró. Rárá o, ilẹ̀kùn ni.