Kábíyèsí Adágún Omi Harburg

Tí ẹ bá pàdé Alàgbà Akínlóyè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Wilhelmsburg, ní Hamburg ti Germany, ẹ má kí i ní "ẹ káàárọ̀" lásán, ẹ ó ṣẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tó fi férémù aláwọ̀ wúrà gbé Fischereischein rẹ̀, ìwé àṣẹ ìpẹja lásán, kọ́ sí pálọ̀, tó ń pè é ní dìgírì! Akínlóyè Apẹja-má-tọwọ́-bomi, Ọkọ Ìwọ̀, Ọba-tẹ́ja-ń-rí-tó-ń-kúnlẹ̀. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi.

Lọ́dún 2006, àga Bàbá Ìjọ ṣófo ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àga náà ní tìmùtìmù pupa, ojú Akínlóyè kì í sì í kúrò lára rẹ̀ títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Pásítọ̀ ní òun máa kéde ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìkórè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹja ti wọlé. Ẹgbẹ́ apẹja kan tí Akínlóyè wà nínú rẹ̀ wà lẹ́yìn Harburg, tí wọ́n ń pẹja nínú adágún kékeré kan tí wọ́n fi ògiri sé. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó létí omi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da oúnjẹ sínú rẹ̀ láti fi kó ẹja jọ. Lọ́dọọdún, wọ́n ń ṣe ìdíje. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù, wọn á fi ẹ̀wọ̀n idẹ kọ́ ọ lọ́rùn, wọn á pè é ní König, ìyẹn ọba, wọn á mu bíà, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Eré ni. Akínlóyè nìkan ló gbọ́ ọ bí ìwúyè.

"Brethren, àwọn òyìnbó fẹ́ fi mí jọba!" ó kéde lẹ́yìn ìsìn. "Coronation ni, Saturday ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Ìjọ wo ló máa ní ọba nílé tí kò ní fi í ṣe Bàbá Ìjọ?"

Mo ní, "Ṣé wọ́n ti mú yín ni, sà?"

"Ta lo tún mọ̀ tó ń pẹja ní Hamburg yìí?"

Ó pe gbogbo wa. Ó pe ẹ̀ka ìjọ wa ti Berlin náà, odindi bọ́ọ̀sì kan sì gbéra láti Reinickendorf. Ó rán aṣọ àrán pupa kan tó ń wọ́lẹ̀ tuurutu, irú èyí tó rí lára ọba òyìnbó nínú fíìmù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, gààrí tí a kó pamọ́ sí yàrá ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì fún Ìkórè bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Àpò méjì ni Mama Ayọ̀níkẹ́, ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, gbé ti Ìjẹ̀bú wá. Ẹ̀jẹ́ ni, tó jẹ́ fún Ọlọ́run nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Mama máa ń yan àgbọn wẹ́wẹ́ mọ́ gààrí tirẹ̀, n kò sì tíì rí ẹlòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Akínlóyè ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù wà.

"Èkúté ni, Mama," ó ní. "Èkúté Germany ò ṣeé bá ṣeré. Mo fojú mi rí i, ó tó ológbò!"

Ó ra pàkúté, ó sì kó wa jọ, a fi ogún ìṣẹ́jú gbàdúrà lórí èkúté. Mama ń ṣe àmín, omi ń dà lójú rẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, n kò kàn mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Ọjọ́ pé. Àwa bí ọgọ́rin la tò sétí omi nínú sùtánà funfun. Àwọn òyìnbó apẹja rò pé ìrìbọmi la wá ṣe, bàbá kan tilẹ̀ rọra gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ sún sẹ́yìn kí ó lè fún wa láàyè.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Akínlóyè ju ìwọ̀ sómi tó fi fa Karpfen kan jáde, ẹja oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀ tó tó ọmọ ọwọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó pa irú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Herr Petersen, alága ẹgbẹ́, fi ẹ̀wọ̀n idẹ kọ́ ọ lọ́rùn.

"Kábíyèsí o!" A dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko. Akínlóyè gbọ́wọ́ sókè, ó ń jù ú sí wa bí ọba.

"Pastor," ó ní, "àga yẹn ńkọ́?"

Pásítọ̀ kò tíì dáhùn tí Herr Petersen fi yọ ọ̀bẹ. Àṣà wọn ni pé kí wọ́n la inú ẹja ọba níwájú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sun ún jẹ. Ó là á. Nǹkan kan tú jáde ní òkìtì òkìtì, ó yí rúbúrúbú, ó sì ń fà.

"Was ist das denn?" Herr Petersen fẹ́ mọ ohun tó jẹ́.

Ìjọ Hamburg àti ti Berlin dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ̀bà!"

"Ẹ̀bà kọ́!" Akínlóyè ti ń làágùn. "Bí inú Karpfen ṣe máa ń rí nìyẹn. It's natural! Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì."

Ìníolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí sí Hamburg, já lu ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. "Doch, Papa! Du wirfst doch jeden Morgen einen ganzen Eimer rein." Ohun tó ń sọ ni pé odindi garawa kan ni bàbá òun ń dà sómi láràárọ̀. Ọmọ náà rò pé àánú ẹja ló ń ṣe é ni.

Mama Ayọ̀níkẹ́ fi ọ̀pá tilẹ̀ wá síwájú. Ó he nǹkan wẹ́wẹ́ kan nínú ẹ̀bà náà, ó gbé e símú.

"Àgbọn mi nìyí." Ó wo ẹja, ó wo Akínlóyè. "Alàgbà, èkúté yín rèé. Ó ti hu ìpẹ́."

Ẹ̀rín tó sọ létí omi lọ́jọ́ náà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ fò lọ. Herr Petersen na ìka sí pátákó, ó bọ́ ẹ̀wọ̀n idẹ kúrò lọ́rùn Akínlóyè, ó sì fi áńkáṣíìfù nù ún dáadáa. Kábíyèsí fẹ́ yọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀ ara rẹ̀ ti há sí ìdí aṣọ àrán. Bó ṣe ń sáré ni ọ̀pá ìpẹja ń wọ́ tẹ̀ lé e.

"Ẹ bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀," Mama ní. "Mo fẹ́ fi di ẹja. Gààrí ẹ̀jẹ́ mi ló wà níkùn rẹ̀, ẹja náà ni n ó yan gbé wá síwájú pẹpẹ."

Ó di Karpfen sínú aṣọ ọba, ó gbé e sí èjìká, ó ń lọ. Gbogbo wa tún dọ̀bálẹ̀ fún un, a pariwo, "Kábíyèsí o!"

Akínlóyè, láìsí ẹ̀wọ̀n, láìsí aṣọ, gbọ́wọ́ sókè, ó fẹ́ dáhùn.