Orúnkún Sájẹ́ǹtì Kò Gbọdọ̀ Le Lọ́la

Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àwọn sójà tó fara pa lójú ogun máa pe Sájẹ́ǹtì Adéjìmí Ikúmápàyí, ẹni tí àfọ́kù bọ́ǹbù wọ lórúnkún ọ̀tún ní Làìbéríà. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ti dá a padà lọ́wọ́ òfo, torí nígbà tí wọ́n bi í bí ara ṣe rí, ó ní ara òun le koko bí ọta. Rèbékà ìyàwó rẹ̀, tó ń yan ẹja tà létí ọ̀sà ní Bàrígà, ti búra pé irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Òun ló ń gbọ́ bí bàbá yìí ṣe ń kérora lójú oorun, òun náà ni dókítà sọ fún pé bí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún ọ̀hún, igi ni ọkọ rẹ̀ máa fi rìn dọjọ́ alẹ́. Ìgbìmọ̀ yìí nìkan ló sì lè ní kí ìjọba sanwó iṣẹ́ abẹ náà. Ló bá dé fìlà sójà ọkọ rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn tábìlì tó ń to ẹja lé, ó fajú ro bí ọ̀gá ìgbìmọ̀, kí wọ́n jọ fi dánra wò.

"Ẹni tó kàn!"

Sájẹ́ǹtì wọlé. Bó ṣe fojú kan fìlà, gbogbo ara rẹ̀ nà gbọọrọ. Ó fẹsẹ̀ ọ̀tún lu ilẹ̀, gbì! Ó sàlúùtù. Àwọn abọ́ orí pẹpẹ mì.

"Bàbá Ìtùnú! Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lẹ fi lu ilẹ̀ yẹn?"

"Òun náà ni wọ́n kọ́ níṣẹ́."

"Omi kí ló wá wà lójú yín?"

"Èéfín ẹja ni."

"Mi ò dáná látàárọ̀."

"Èéfín àná ni. Kì í tètè jáde lójú mi."

Rèbékà fi ọ̀bẹ ẹja kan tábìlì. "Ẹ jáde, ẹ tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ máa tiro."

Sájẹ́ǹtì jáde. Ó padà wọlé, ó ń rìn bí ọkọ ìyàwó.

"Títiro ńkọ́?"

"Bámilóyè aládùúgbò wa wà níta, ó ń wò mí."

"Ṣé Bámilóyè wà nínú ìgbìmọ̀ ni?"

"Kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lẹ́nu."

"Ó dáa, ẹ jókòó." Rèbékà tún fìlà dé, ó mú ohùn rẹ̀ ki. "Bàbá, báwo lara?"

"A dúpẹ́, sà! Koko bí ọta!"

"Áà!" Rèbékà ju fìlà sórí tábìlì. "Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló lé wa wálé nígbà yẹn!"

"Kí ni kí n wí? Èèyàn kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, kí n wá da àìsàn sí i lára láàárọ̀ kùtù?"

"Kò kí yín o. Ó bi yín ní ìbéèrè ni."

"Rèbékà, ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Mi ò ní fi ẹnu ara mi pe àìsàn wálé."

"Ẹ̀yin kọ àìsàn, ìgbìmọ̀ náà kọ̀ yín. Ẹ dìde. Ẹ wá ṣe ọ̀gá, kí èmi ṣe ẹ̀yin, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Wọ́n pààrọ̀ àyè. Sájẹ́ǹtì dé fìlà rẹ̀, ó gún régé lórí ẹ̀, ojú rẹ̀ wá rọ̀ bí ojú àna tuntun.

"Màdáàmù, ẹ káàárọ̀. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà, sà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Wọ́n ní ká kí yín."

"Ara tiyín náà ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà. Ara le ko..." Rèbékà fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ parí ẹ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ko kí ni?"

"Ẹ̀ ń tàn mí! Wọn ò ní béèrè ọmọ lọ́wọ́ yín níbẹ̀!"

"Kí wọ́n ṣáà já lu orúnkún mi láì béèrè ilé? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà ì bá pa Rèbékà lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀la ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ mìíràn lẹ́yìn tọ̀la. Bí bàbá yìí bá tún lọ rẹ́rìn-ín sí wọn, ó di kó máa wò ó pẹ̀lú igi lọ́wọ́ lórí afárá pákó tí wọ́n ń gbà wọlé, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó dá ṣáṣá gan-an ti ń yọ̀ ṣubú. Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn. Ó wá rántí ohun kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ ò lè gbà mọ́ra. Ó gba fìlà padà.

"Bàbá, níbo lẹ ti fara pa?"

"Làìbéríà, sà."

"Irọ́. Bámilóyè ti wá jẹ́rìí. Ó ní ọ̀kadà ló gbá yín ní Pedro, nítòsí ibí."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní nígbà tí ìbọn dún, abẹ́ ọkọ̀ lẹ sá sí."

"Èmi?"

"Ó ní kò sóhun tó ṣe orúnkún yín. Ọ̀lẹ ló ń ṣe yín."

Sájẹ́ǹtì fò dìde, àga ṣubú. "Ọ̀lẹ? Èmi tí mo gbé Ọmọ́táyọ̀ ọ̀rẹ́ mi pọ̀n kọjá odò nígbà tí irin ti wọ orúnkún mi! Irin ọ̀hún wà níbẹ̀ dòní. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, èmi ló kọ́kọ́ ń sọ fún. Mi ò lè wọ ṣòkòtò lóòró, àfi kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọdé. Bí ìjọ bá ní ká kúnlẹ̀, mo máa ń jáde bí ẹni fẹ́ lọ tọ̀, kí wọ́n má baà rí i pé mi ò lè kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run mi!"

Gbogbo ìyókù ni Rèbékà mọ̀, kò mọ ti ìkúnlẹ̀. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é gan-an.

"Ìdí tí ẹ fi ń jáde lọ́jọọjọ́ ìsinmi nìyẹn?"

"Òun ni."

"Èmi sì ti ní kí àwọn ìyá àdúrà máa gbààwẹ̀ lórí àpò ìtọ̀ yín!"

"Mo gbọ́. Ìtọ̀ ń lọ dáadáa. Kí wọ́n bá mi fa àdúrà náà wálẹ̀ díẹ̀, kó dé orúnkún."

Rèbékà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Ohun tí ẹ sọ yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn lọ́la."

"Fún àjèjì? Láì tíì bínú? Kò lè jáde lẹ́nu mi."

"Ìyẹn ò le. Mo máa tẹ̀ lé yín. Bí ọ̀gá bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé, màá bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ pè yín ní ọ̀lẹ."

"Kó dán an wò!" Sájẹ́ǹtì lu tábìlì, ẹja fò. "Kó pe èmi Ikúmápàyí ní ọ̀lẹ! Màá fo tábìlì ẹ̀ kọjá, màá ta á nípàá tí kò ní gbàgbé!"

Rèbékà ronú sí i díẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó fà á lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ ta á, mi ò ní dá yín lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹsẹ̀ òsì ni kẹ́ ẹ fi ta á. Tọ̀tún là ń torí ẹ̀ ṣẹjọ́."