Ojú Rollo Pettifer Lórí Bánà

Ẹ bá mi kí Rollo Pettifer, ọmọ òyìnbó tó ń wọ kóòtù nínú ooru ìlú Tainan. Ooru tó ń yọ́ ọ̀dà ojú títì, tí ajá fi ń nà gbalaja lábẹ́ ọkọ̀, kóòtù onírun àgùntàn ni Rollo gbé wọ̀ ní tirẹ̀. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tó já, ṣùgbọ́n ọrùn kò tẹ̀.

Rollo a-múra-bí-ẹni-ń-ròde-ọba! Ọmọ ilẹ̀ òjò, ọmọ a-na-ìka-kékeré-mutíì! Iṣẹ́ tíṣà lẹ́sìnnì ló gbé e dé Taiwan, àmọ́ ẹni tó bá rí bó ṣe ń rìn á rò pé ọba ló rán an wá gba ìlú.

Òkè ilé Màmá Kuo ló háyà yàrá sí, ní àdúgbò tóóró kan tí alùpùpù méjì ò ti lè pàdé láìforí kan ara wọn. "Nílé wa" ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, òjò mọ ìwà hù. Nílé wa, tíì kì í ṣe omi ewé lásán bí tiyín yìí.

Bàbá Hsieh, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, wo ife tíì tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó wo Rollo.

"Ọmọ mi, apá ibo ni wọ́n ti ń gbin tíì nílé yín?"

"A kì í gbìn ín, Bàbá. Mímu la máa ń mu ún."

"Háà. Iṣẹ́ ńlá mà ni o."

Ẹ má bínú sí i, àárò ilé ló ń sọ ọ́. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ ní ìlú Ludlow, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á gbé fóònù sí ojú fèrèsé kí ọmọ lè gbọ́ òjò tó ń rọ̀. Rollo á dijú, omi á lé sí i lójú, á sì tún dìde lọ wọ kóòtù.

Nǹkan méjì ni Rollo ní òun kò lè ṣe láyé. Èkíní, kò lè jẹ tófù tó ń rùn, wàrà ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ń dín ní orígun àdúgbò. "Imú mi ò ṣe é dá lóró," ló máa ń wí. Èkejì, kò lè sáré tẹ̀lé ọkọ̀ akópàǹtí. Ẹ sì mọ̀ pé ní Tainan, kò síbi téèyàn ń da pàǹtí sí lójú títì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọkọ̀ á máa kọrin bọ̀ bíi dùùrù ọmọdé, tọmọdé tàgbà á sì gbé ọ̀rá tirẹ̀ jáde. Rollo kọ̀ jálẹ̀. "Ọmọlúàbí kì í sáré tẹ̀lé pàǹtí." Inú báàgì ìwé ló ń kó tirẹ̀ sí, á lọ yọ́ ọ dà sí garawa ibi iṣẹ́.

Àfi bí ọdún òṣùpá ṣe dé, tí kálukú ń gbé ààrò sójúde láti yan ẹran. Màmá Kuo, tó tún jẹ́ olórí àdúgbò, fọhùn: ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ ilé baba rẹ̀ tó dùn jù, ojú ẹni náà ni wọn yóò yà sórí bánà tuntun tí àdúgbò fẹ́ gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Ojú lórí bánà! Ohun tí àwọn òṣèlú ń jà sí. Àfi bíi pé wọ́n fi oyin sí Rollo létí. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni dáná, ó ti pe Ludlow. "Màámi, wọ́n ti yàn mí." Ìyá rẹ̀ sọ fún alápatà, ó sọ fún àlùfáà, ó sọ fún gbogbo àwọn tó ń bá a hun aṣọ òtútù. Bí ojú Rollo kò bá wá dé orí bánà mọ́, ojú wo ni yóò fi wo ìyá rẹ̀?

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Rollo ò mọ oúnjẹ sè.

Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kaohsiung, ó wọ ilé ìtajà ńlá kan, ó ra sikóònù, àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń fi jáàmù àti bọ́tà jẹ. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìdáná Màmá Kuo, ó mú un gbóná, ó sì fi ìyẹ̀fun díẹ̀ pa imú kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Ibi iṣẹ́ ti wà ní títì nítorí ọdún, nítorí náà ó di páálí àti gbogbo pàǹtí ọ̀sẹ̀ náà sínú ọ̀rá dúdú kan, ó tì í sábẹ́ tábìlì tirẹ̀ lójúde.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, wọ́n ní kò lè lákìísà bí àgbà. Rollo ní àkísà, ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́ tábìlì ló wà.

Sikóònù dùn. Bàbá Hsieh jẹ mẹ́ta.

"Ṣé ìwọ lo ṣe èyí lóòótọ́?" Màmá Kuo bi í.

"Èmi ni, Mà. Ìyá ìyá mi ló kọ́ mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń po ìyẹ̀fun."

Mei-hui, ọmọ Màmá Kuo, tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ Rollo, gbójú sókè. "Tíṣà, ṣebí àná lẹ bi mí bí wọ́n ṣe ń tan ààrò wa?"

"Ààrò tiyín ló ṣòro."

Màmá Kuo dìde, ó wúkọ́, ó fẹ́ dárúkọ ẹni tó mókè. Rollo tún kóòtù tò. Bẹ́ẹ̀ ni orin dùùrù dún ní orígun.

Gbogbo àdúgbò fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ẹran wà lẹ́nu rẹ̀ kò dúró gbé e mì. Màmá Kuo rí ọ̀rá dúdú lábẹ́ tábìlì.

"Jókòó, ọmọ mi, òní lọjọ́ iyì rẹ. Jẹ́ n bá ẹ gbé e."

"Rárá, Mà! Ẹ fi sílẹ̀!"

"Kí ló dé? Pàǹtí ṣáà ni."

"Pàǹtí mi ni, Mà!"

Màmá fà á, Rollo fà á. Rollo já a gbà, ó sì ki eré mọ́lẹ̀, ó ń lé ọkọ̀ akópàǹtí, kóòtù ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rá kọ́ apá alùpùpù kan. Fààà!

Páálí sikóònù tú síta, àwòrán sikóònù àti orúkọ ilé ìtajà Kaohsiung gbàǹgbà lára wọn. Ìyẹn kò tíì tán. Abọ́ tófù tó ń rùn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé e, wọ́n ń yí gbirigbiri lọ láàárín títì bí ẹni pé wọ́n mọ̀nà ilé.

"Àlejò," akópàǹtí pè é, "a kì í gbà á báyìí. Páálí lọ́tọ̀, ike lọ́tọ̀, àjẹkù lọ́tọ̀."

Rollo lóṣòó. Ó ń ṣà wọ́n lójú gbogbo ayé.

Bàbá Hsieh gbé páálí kan sókè. "Ìyá ìyá rẹ mà kú iṣẹ́ o! Wọ́n tún ní ṣọ́ọ̀bù ní Kaohsiung!"

Mei-hui mú abọ́ kan tí igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun ṣì wà nínú rẹ̀. "Imú tí kò ṣe é dá lóró yẹn ńkọ́, Tíṣà?"

"Ti... ti ológbò ni."

"Ológbò èwo? Tó ń fi igi jẹun?" Ó gbé fóònù sókè, ó ya fọ́tò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá Kuo ránṣẹ́ pe Rollo. "Mo ti ronú sí i. Ojú rẹ náà la máa lò." Rollo ò béèrè ìdí, ṣé ebi ń béèrè ẹni tó se ọbẹ̀? Ó ní kí ìyá òun pe òun, kí wọ́n jọ wò ó lórí fóònù. Ó tún kóòtù wọ̀.

Wọ́n fa aṣọ kúrò lójú bánà. Rollo rèé ní ìlóṣòó, ìyẹ̀fun nímú, páálí lọ́wọ́ kan, abọ́ tófù lọ́wọ́ kejì. Lẹ́tà Ṣáínà pupa rẹpẹtẹ wà lókè orí rẹ̀. Àdúgbò ho yèè.

"Rollo! Mo ti rí ẹ!" Ìyá rẹ̀ ń pariwo nínú fóònù. "O mà rẹwà o! Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́ pé... 'Àlejò Pàtàkì', Màámi."

Mei-hui na ọrùn wọlé, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara sọ̀rọ̀, bí Rollo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. "Ẹ káàárọ̀ lọ́hùn-ún, Mà. Tíṣà ní ká máa fi odindi gbólóhùn dáhùn ìbéèrè. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: 'Ẹ ya pàǹtí yín sọ́tọ̀, kí ojú má baà tì yín.' Sikóònù tí màmá àgbà kọ́ Tíṣà ló fà á."

À ń gbọ́ òjò Ludlow nínú fóònù.

"Màmá àgbà wo?" ni ìyá Rollo wá wí. "Ìyá mi tí kò dín ẹyin rí?" Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ débi pé fóònù ń gbọ̀n. "Ọmọ tí kò gbé pàǹtí jáde rí nínú ilé mi! Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará ibẹ̀. Ẹ bá mi kọ́ ọ dáadáa. Alápatà á rí bánà yìí lónìí!"

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni dùùrù dún ní orígun. Màmá Kuo wo Rollo. Bàbá Hsieh wo Rollo. Rollo tó wà lórí bánà náà ń wò ó.

Rollo bọ́ kóòtù, ó gbé ọ̀rá, ó sáré.